Kí Wọ́n Gbé Àdéhùn Lithium Síta Kí Gbogbo Wa Kà Á

Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé ẹni tí kò bá ní ètò láti fi òkúta ilẹ̀ wa ṣe nǹkan níbí kò ní rí ìwé-àṣẹ ìwakùsà gbà mọ́. Délé Alákè, mínísítà fọ́rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì, ló wà nídìí ètò náà, àwa náà sì fọwọ́ sí i. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń di kókó sínú àpò ránṣẹ́ sókè òkun, tí ṣokoléètì sì ń padà wá bá wa lówó gegere. Ó tó gẹ́ẹ́. Kí lithium, ohun àlùmọ́ọ́nì inú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, má tún bá ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa: irú ilé-iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kọ́? Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, Sìmbábúwè fòfin de kíkó òkúta lithium jáde ní tútù. Àwọn ará Ṣáínà tó ti ra ilẹ̀ ìwakùsà níbẹ̀ kò bínú lọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wọ́n ń lọ òkúta náà, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń kó ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sílé. Nínú irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ń lò gbọ́dọ̀ mọ́ tó ìdá 99.5, Ṣáínà ni wọ́n sì ti ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lágbàáyé. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Ìjọba Sìmbábúwè náà rí i, ni wọ́n fi kéde lọ́dún 2025 pé àwọn yóò fòfin de ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń ṣí ilé-iṣẹ́ lithium ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń fi Indoníṣíà ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Lọ́dún 2020 ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kó níkẹ́ẹ̀lì, irin kan tí wọ́n ń lò nínú bátìrì, jáde ní tútù mọ́, ayé sì wá kọ́ ilé-iṣẹ́ sọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè tó ní níkẹ́ẹ̀lì tó tiwọn. Lithium tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Ọsirélíà, ó wà ní Ṣílè, ó wà ní Ṣáínà fúnra rẹ̀. Owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín òpin ọdún 2022 sí ọdún 2024. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò fẹ́ kí ohun tí bátìrì ń jẹ wà lọ́wọ́ Ṣáínà nìkan, ìyẹn ni gbogbo wọn fi ń ya wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àǹfààní ni fún wa, ṣùgbọ́n kò ní dúró títí. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ohun tí a bá kọ sínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wa lithium náà.

Àdéhùn ọ̀hún la fẹ́ rí. Àwọn kan á ní bí a bá gbé e síta, àwọn olùdókòwò yóò sá. Gánà kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Atlantic Lithium ní ilẹ̀ lithium tó wà ní Ewoyaa lóṣù Kẹwàá ọdún 2023, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé owó ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, èyí tí yóò lọ sọ́wọ́ ìjọba nínú owó ohun tí wọ́n bá wà, jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì èyí tí àwọn awakùsà yòókù ń san. Nígbà tí ọjà bàjẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n dín in kù, ojútáyé ni wọ́n ti jà á, títí dé ilé aṣòfin.

Ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ènìyàn kò jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tú ká ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Ènìyàn kú, ilé wó. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé níbẹ̀. Bódìjà kì í sì í ṣe ibi ìwakùsà rárá.

Gómìnà Èkìtì tàbí ti Ọ̀yọ́ kò lè fúnni ní ìwé-àṣẹ ìwakùsà. Ìwé òfin ti fi ohun inú ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n abala 116 nínú òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ìlú tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mélòó nínú àwọn ará Ìjerò-Èkìtì tàbí Òkè-Ògùn, níbi tí lithium wà, ló lè sọ ohun tó wà nínú tiwọn? Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Àwọn tí odò wọn yóò rú, tí oko wọn yóò di kòtò, ni kí wọ́n máa ṣọ́ iṣẹ́ náà, wọn kò sì lè ṣọ́ ohun tí wọn kò tíì kà.

Nítorí náà, kí mínísítà gbé gbogbo àdéhùn lithium sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ gan-an, iye tí wọn yóò máa san, àti ọdún tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ lithium débi tí bátìrì lè lò ó. Kí wọ́n tú èyí tó kan ìlú kọ̀ọ̀kan sí èdè ìlú náà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun kò lè ṣiṣẹ́ bí a bá ka àdéhùn òun, kí ìjọba gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.