Irọ́ ni pé dókítà tó mọṣẹ́ kò nílò fáìlì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lójú fèrèsé tí a ti ń gba káàdì, ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí. Bí a bá ní kí aláìsàn ṣe sùúrù, pé a ṣì ń wá fáìlì rẹ̀, á ní: "Ẹ ṣí òmíràn fún mi jàre. Ṣé fáìlì ni dókítà fẹ́ tọ́jú ni, àbí èmi?" Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gbè é lẹ́sẹ̀: dókítà tó bá mọṣẹ́, tó bá ti wojú èèyàn, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tó bá ń ṣí ìwé kiri, tó ń bi èèyàn léèrè bí ọlọ́pàá, kò tíì mọṣẹ́.

Mi ò kì í bá wọn jà. Láti Láfẹ́nwá ni òmíràn ti jí ní ìdájí, ó ti wọ ọkọ̀ méjì, ó ti sanwó, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì lè pa èèyàn.

Mo rò pé mo mọ ibi tó ti wá. Bí èèyàn bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kì í sọ tẹnu rẹ̀ síta. Owó ni yóò sọ̀rọ̀ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò gbé e sílẹ̀, Ifá ni yóò sì sọ ohun tó bá a wá. Ẹni tí a ò sọ fún, tó sì mọ̀, òun la gbà pé ó mọ̀. Ojú yẹn náà la fi ń wo dókítà. Ohun tí a ń gbàgbé ni iṣẹ́ tí babaláwo ti ṣe kó tó jókòó sórí ẹní. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ ẹsẹ Ifá sórí lábẹ́ odù 256. Ẹ fetí sí ẹsẹ Ifá kan dáadáa: ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó ń dà á láàmú, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí ó kọtí ọ̀gbọin sí i, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Fáìlì aláìsàn gan-an nìyẹn! Orúkọ, àìsàn, ìtọ́jú, bóyá ó lo òògùn, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn baba wa kò fi ojú lásán wo èèyàn. Wọ́n ní àkọsílẹ̀, orí ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan dé, egungun ń ro ó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára obìnrin tí kò ní àrùn náà, PCV máa ń tó 36 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà 22 dẹ́rù bani. Wọ́n lè sáré wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn yìí, láàárín 20 sí 25 ni tiwọn máa ń wà nígbà tí ara wọn le. Bí fáìlì ọmọ náà bá fi hàn pé 22 tàbí 23 ló ti ń jẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ìrora rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n fà sí i lára lè mú kí èyí tó wà nínú rẹ̀ ki jù. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé 28 ló máa ń ní. Bí tirẹ̀ bá di 22 lónìí, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yára wá a. Nọ́mbà kan náà, èèyàn méjì, ìtọ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí bí ojú dókítà ṣe mú tó tó lè rí PCV oṣù tó kọjá lójú aláìsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Wíwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà tó láti fi mọ̀ pé èèyàn ní in. Ẹni tó ń ṣí káàdì tuntun nígbà gbogbo, ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ́ lójú gbogbo dókítà tó bá rí i.

Ìyá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nígbà kan, wọ́n fún un ní ampicillin, òògùn apakòkòrò kan, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ wú, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Lọ́dún kejì, ibà gbé e dé ọsibítù kan náà, wọn ò tètè rí fáìlì, àwa náà ò sì fẹ́ dúró, la bá ṣí tuntun. Nọ́ọ̀sì ti fa abẹ́rẹ́ sókè kí àbúrò mi tó béèrè pé òògùn wo nìyẹn. Òun náà ni! Kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì yẹn kò mọṣẹ́. Fáìlì tó mú dání kò sọ nǹkan kan fún un.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ pàápàá ti fi èyí hàn. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tó ní nǹkan 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè kí wọ́n sì yẹ̀ wò: ta ni aláìsàn yìí, ibo lára rẹ̀ ni a fẹ́ là, òògùn wo ni ara rẹ̀ kọ̀? Wọ́n dán an wò ní ọsibítù mẹ́jọ, láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Ifakara ní Tànsáníà. Èsì jáde ní 2009: nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ìwọ̀n àwọn tó kú já wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí òògùn tuntun níbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló gbà láti ka ìwé.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ló máa yanjú rẹ̀. Ó wúlò, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló máa gbé jáde. Ìyá kan gba káàdì lóṣù kìíní gẹ́gẹ́ bí Ṣadé, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí Fọláṣadé pẹ̀lú orúkọ ọkọ, ó tún wá gẹ́gẹ́ bí Ìyá Bọ́lá. Fáìlì mẹ́ta, obìnrin kan. Ti Táíwò àti Kẹ́hìndé le jù: orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà ní Adátán. Bí a kò bá fara balẹ̀, èsì àyẹ̀wò ọ̀kan á bọ́ sínú fáìlì èkejì.

Mo mọ̀ pé àṣírí ló ń mú kí àwọn mìíràn máa yí orúkọ padà. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn, nítorí àwọn kan wà láàárín wa tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 ní kí ọsibítù kọ àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá tọ́jú, kó sì pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá tú àṣírí yín, ẹ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá. Ẹ má fi orúkọ irọ́ gba ìtọ́jú.

A lọ́sibítù ní ìlú yìí. Sacred Heart ti wà ní Láńtòrò láti 1895, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Abà. Fáìlì tó wà ní ọ̀kan kì í dá rìn lọ bá èkejì, nítorí náà ẹ gba ìwé tí dókítà kọ nígbà tí wọ́n dá yín sílẹ̀, ẹ tọ́jú èsì àyẹ̀wò yín, kí ẹ sì kọ òògùn tí ara yín kọ̀ síbi tí ọmọ yín ti lè rí i. Bí ẹ bá sì dé ojú fèrèsé wa láìmú káàdì wá, orúkọ tí ẹ kọ́kọ́ fi gbà á ni kí ẹ sọ fún wa. A máa wá a. Ẹ dákun, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀.