Èṣù kì í ṣe Sátánì: ẹ ṣí Bíbélì yín wò
Wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹnìkan ní kí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Èṣùbíyìí tètè yí i sí Jésùbíyìí, torí pé Sátánì làwọn baba wa ń bọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú ni.

Ẹ ṣí Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ sí Jóòbù 1:6. Sátánì lẹ máa bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù ni, alátakò ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n kàn fi ohùn Yorùbá kọ ọ́ ni. Ẹ wá ṣí Mátíù 4:1. Ta ló dán Jésù wò? Èṣù! Diabolos ló wà nínú Gíríìkì, ìyẹn abanijẹ́, ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni. Nígbà tó di Ìfihàn 12:9, wọ́n so méjèèjì pọ̀: "ejò láéláé nì, tí a ń pè ní Èṣù, àti Sátánì". Jòhánù tó kọ ọ́ ò gbọ́ orúkọ Èṣù rí láyé ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ ló mú orúkọ òrìṣà wa ti ibẹ̀, iṣẹ́ tó parí láàárín ọdún 1880 sí 1889. Bí wọ́n ṣe fi Sátánì sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n lè ṣe diabolos náà bẹ́ẹ̀. Wọn ò ṣe é. Lónìí, Mùsùlùmí tó ń sá fún ṣàìtáánì náà, "èṣù ẹni ẹ̀kọ̀" ló wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ wo ọpọ́n Ifá. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀, tí babaláwo ń kọjú sí bó bá ń dífá, Èṣù ni. Bí wọ́n bá rúbọ, òun ló ń gbé e dé ọ̀run. Bí wọn ò bá sì fún un ní tirẹ̀, ẹbọ ò ní dà. Ṣé ẹni tó ń jíṣẹ́ fún Olódùmarè ló tún ń bá a jagun? Èkó pàápàá ní ọba tó ń jẹ́ Èṣùgbàyí, tó gorí ìtẹ́ ní 1901. Ta ló ń fi Sátánì sọmọ?

Wọ́n á ní oríkì Èṣù pè é ní ọ̀tá òrìṣà. Ó pè é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, Èṣù ò sì rọrùn, ó máa ń dájà sílẹ̀. Ṣàngó náà ò rọrùn. Ní Brazil, àwọn páàdì fi Sátánì pe Exu, bí wọ́n ṣe ń kọ Èṣù níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Eleguá, ẹ̀yìn ère Niño de Atocha làwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú fi í pamọ́ sí. Jésù nígbà tó wà lọ́mọdé sì ni ère yẹn.