Àtúnṣe lórí ọ̀rọ̀ Timothy Springer

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, sọ pé owó àjẹsára Kòrónà ti ilé iṣẹ́ Moderna ló sọ Timothy Springer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nípa bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, di ẹni tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni ó fi owó sí Moderna láti ìbẹ̀rẹ̀ (ó sì jèrè gidi), ṣùgbọ́n ọdún 2010 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí Springer àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti ṣàwárí LFA-1 àti ICAM-1 kí ọdún 1990 tó dé, ìyẹn àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti yí gbirigbiri lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, fi ń lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ kí ó tó yọ́ jáde lọ síbi tí àrùn wà. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1994 lórí ìrìn yìí nìkan ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́kasí nínú ìwé àwọn onímọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ yìí náà ló mú un pín àmì-ẹ̀yẹ Lasker (àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún ìwádìí ìṣègùn ní Amẹ́ríkà) ti ọdún 2022 pẹ̀lú Richard Hynes àti Erkki Ruoslahti.