Góòlù ẹnu wáyà HDMI ò lè mú àwòrán TV yín dáa sí i

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó yín ń dùn mí ni mo ṣe ń kọ èyí. HDMI ni wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn láti ara dẹ̀kódà lọ sínú TV. Téèyàn bá ti ra TV ńlá pẹ̀lú home theatre báyìí, ẹni tó ń tajà máa ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi wáyà yẹpẹrẹ sí i o, ẹ mú eléyìí tó ní góòlù lẹ́nu, àwòrán ẹ̀ á mọ́ gaara". Èmi náà gbà á gbọ́, mo ra olówó ńlá, mo gbé e délé, mo yọ ọ́, mo tún fi èyí tó bá dẹ̀kódà wá nínú páálí sí i, mo wò ó títí, ìkan náà ni.

Wáyà yẹ́lò, pupa àti funfun tá à ń lò láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì ló fa ìgbàgbọ́ yẹn, torí ìyẹn, tí wáyà bá ti burú, àwọ̀ á ṣá, àwòrán á ṣe bàìbàì, òótọ́ sì ni nígbà yẹn. HDMI ò rí bẹ́ẹ̀, 0 àti 1 ló ń gbé. Tí wọ́n bá dé pé, àwòrán pé nìyẹn, tí wọn ò bá dé pé, ẹ máa rí i kedere ni, àmì funfun wínníwínní á máa tàn káàkiri ojú TV, àwòrán á máa lọ á máa bọ̀, tàbí kó dúdú pátápátá. Góòlù kì í dípẹtà, iṣẹ́ tiẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò lára páálí ni ìyára ẹ̀. High Speed tó fún dẹ̀kódà àti bọ́ọ̀lù 1080, ìyẹn àwòrán Full HD. 4K 60Hz, ìyẹn àwòrán tó mọ́ ju 1080 lọ, tó ń yí padà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wá Premium High Speed, 18 gígábíìtì ló ń gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PS5 tí wọ́n fi ń gbá géèmù àti 4K 120Hz, Ultra High Speed ni, 48 gígábíìtì, páálí ẹ̀ ní QR code tẹ́ ẹ lè fi fóònù yẹ̀ wò bóyá ojúlówó ni.

Ibi tówó ti yẹ kó jáde gan-an ni gígùn. Mítà 2 ò ní wàhálà kankan, àmọ́ ẹni tó gbé projector sókè àjà, tí wáyà fẹ́ rìn tó mítà 15, bàbà lásán ò ní gbé 4K débẹ̀ dáadáa, ká tiẹ̀ fi góòlù bò ó látòkè délẹ̀, wáyà HDMI ọ́pítíkà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán, ló máa gbà á. Ìyẹn sì ní orí ní ìdí o, ẹnu kan fún dẹ̀kódà, èkejì fún projector, wọ́n kọ ọ́ sí i lára, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kì í sínú ògiri.