Ẹni Tó Bá Tún Ní Kí N "Mánéèjì" Ẹ̀

Ọ́ìlì ọkọ̀ mi ti tún di fúrá. Mo fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ láàárọ̀ yìí, ẹnu mi ò tíì kan omi, mo rí nǹkan kíki kan lára ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo jókòó sórí ògbólógbòó táyà tó wà nítòsí. Ìyàwó mi jáde, ó wò mí, ó wo irin ọwọ́ mi, ó padà wọlé láìkí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbádùn tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, nǹkan pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù, tí mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ nínú ọgbà ilé mi ní Gáà-Akanbí, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà tí sípánà ń jó èèyàn lọ́wọ́ kó tó di aago mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà mí, nítorí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lẹ́nu ẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kí n mánéèjì ẹ̀.

Píjọ̀ 504 ni ọkọ̀ náà, píkọ́ọ̀pù, ara àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Òun ni mo fi ń kó iṣu àti gàrí láti ọjà Ajàṣẹ́-Ìpo wá sí Ìlọrin, kò sì tíì já mi kulẹ̀ rí láìjẹ́ pé ọmọ aráyé kan ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ má bá mi sọ pé ọkọ̀ ti gbó.

Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni mẹkáníìkì kan tó yọ tamọ́sítáàtì ẹ̀ dànù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Alhaji, orílẹ̀-èdè olóoru la wà, a ò nílò ẹ̀. Yíyọ la máa ń yọ ọ́." Láti ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì kì í ti í gbóná bó ṣe yẹ láàárọ̀, tó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí gèjì ooru kò sì fara balẹ̀ sójú kan mọ́. Mi ò ní purọ́, èmi náà mánéèjì níbẹ̀. Dípò kí n ra kọ́láǹtì, omi olóògùn tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, omi kànga ilé ni mo ń bù sí i. Omi kànga yẹn dógùn-ún sínú ẹ́ńjìnnì, ìpàǹtí dí rèdíétọ̀, ni mo bá gbé ẹrù iṣu jókòó sójú ọ̀nà ní Ìdófìán, èéfín funfun ń tú jáde láti ẹnu sàléńsà bí ẹni ń dáná ìnáwó.

Àlùmíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà 504, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, irin ni búlọ́ọ̀kù tó jókòó lé. Bí ooru bá mú wọn, wọn kì í fẹ̀ bákan náà. Tó bá ti wá kọjá ààlà, tòkè á lọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn á jó, omi á rọ́nà wọ inú ọ́ìlì. Kò lóògùn ju kéèyàn tú u.

Mo lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin tó ń ta pááàtì wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Jẹ́núìnì lẹ fẹ́ ni àbí èyí tí a fi ń mánéèjì?" Ẹ gbọ́ ná! Ó ti pín in sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tiẹ̀ tún mú tọ́kùnbọ̀ kan jáde, tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì kan. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí irin ti tẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ló kù tó fẹ́ fi di omi?

Mo gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ sọ́dọ̀ oníláàtì pé kó bá mi fá ojú ẹ̀ kó gún. Mo ní kó fi irin gígún àti fíílà gèjì, abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, wò ó kó tó gbé e fún mi, torí bí ibì kan bá fi ìdá mẹ́wàá mìlímítà ṣoṣo wọ̀ sínú, asán ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó di ojú kan, ó ní ó ti gún. Ojú ẹ̀ ni gèjì! Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun, tí wọ́n kírun tán, kó tó mú irin náà jáde pẹ̀lú ìbínú.

Ti tọ́ọ̀kù, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bọ́ọ̀tì le, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà kì í ṣe ìdérí ìkòkò. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa yí lọ síta, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele-ìpele. A ó sítáàtì ẹ́ńjìnnì, a ó jẹ́ kó gbóná, kó tutù pátápátá, a ó tún wá fún àwọn bọ́ọ̀tì náà le. Sípánà tó ń ka agbára ọwọ́ la fi ń ṣe é. Mo wá sípánà yìí kiri fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́fà, kò ní in. Ó na apá sókè, ó ní, "Apá yìí ni tọ́ọ̀kù tèmi. Tí iṣan ọrùn mi bá ti yọ, ó ti tó nìyẹn." Wàláhì, bó ṣe wí nìyẹn. Iṣan ọrùn! Ọmọṣẹ́ mẹ́fà ló sì ń kọ́ ní iṣan ọrùn.

Mo rí sípánà yá nígbẹ̀yìn, mo sì ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí ló dé tí ọ́ìlì fi di fúrá?

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo ṣí ìdérí rèdíétọ̀, mo sítáàtì ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan péré, mo tẹjú mọ́ omi. Kò hó, afẹ́fẹ́ kankan ò jáde. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, ìhó ló sábà máa ń rú bí ọṣẹ. Ọkàn mi bá lọ sí sílíìfù, irin oníhò tí písítọ̀nù ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀. Sílíìfù 504, inú omi ló dúró sí, òrùka pẹlẹbẹ kan ní ìdí ẹ̀ ló ń dí omi kó má baà já sínú ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé tọ́ọ̀pù sókè wàdùwàdù, mímì la máa ń mì ín síwá sẹ́yìn kó tó tú. Bó bá sì ti kúrò lórí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé a ti fi bọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà tẹ àwọn sílíìfù náà mọ́lẹ̀. Mo ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ o. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo tú bọ́ọ̀tì wọn kí n lè nu ojú búlọ́ọ̀kù, mo bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Òkè-Ọ̀yì. Mo fi ọkọ̀ sí jíà kó má baà yí.

Mo pe àbúrò ìyàwó mi, torí òun ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni sún ọkọ̀ yẹn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo tì í o. Mọ́tò àwọn ará ẹ̀yìn ilé ò rọ́nà kọjá. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló yí, mo tiẹ̀ rò pé fúrìì ló wà."

Yóò yí wọ́ọ́rọ́wọ́! Ẹ́ńjìnnì tí kò lórí, kí ni yóò dá a dúró? Gbogbo písítọ̀nù ló ń gbé sílíìfù sókè-sódò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, òrùka ìdí wọn ò sì dí omi mọ́. Àna ni, mi ò lè gbá a létí, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà mánéèjì ẹ̀ títí ọjọ́ ọjà, kí iṣu má baà bàjẹ́."

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.