SSD olówó gọbọi kọ́ ló ń fi kún FPS

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé "ẹ ra SSD Gen5 tó wọ́n jù, FPS géèmù yín á lọ sókè" kì í ṣe òótọ́ rárá. GPU (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán) àti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ló ń pinnu FPS, ìyẹn iye àwòrán tí géèmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ SSD, ìyẹn ibi ìkó-fáìlì-sí tí kò ní ohun tó ń yí, ni kí géèmù tètè ṣí.

Ibi tí ìyàtọ̀ ńlá wà ni kéèyàn kúrò lórí hard disk oníyíyí, tí orí rẹ̀ ń wá fáìlì kiri, bọ́ sórí SSD èyíkéyìí. SSD SATA (irú àtijọ́) ń ka tó 550 MB/s, NVMe (irú tó yára jù ú lọ) Gen3 tó 3500, Gen4 tó 7000; Gen ni ìran ọ̀nà tí dátà rẹ̀ ń gbà. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa ń wà láàárín wọn nínú ọ̀pọ̀ géèmù, torí CPU ṣì ní láti tú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún SSD pọ́ọ́kú tó jẹ́ QLC (tó ń kó bit mẹ́rin sínú ihò kan, tó sì ń lọ́ra láti kọ) tí kò ní DRAM, ìyẹn mẹ́mórì kékeré tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń da géèmù 100 GB sí i tó ti fẹ́ kún, cache rẹ̀ (àyè tó yára tó kọ́kọ́ ń gba fáìlì) á tán, kíkọ rẹ̀ á sì já wálẹ̀ sí bí 100 MB/s. TLC (oní-bit mẹ́ta, tó ń yára kọ ju QLC lọ) 1 TB, Gen3 tàbí Gen4, ti tó. Ẹ má jẹ́ kó kún ju 85% lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ìwé motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) wò: ihò M.2 míì, ìyẹn ihò tí wọ́n ń ki SSD pẹlẹbẹ bọ̀, SATA nìkan ló ń gbà, kì í gba NVMe.

Ó dùn mí pé owó GPU ni ọ̀pọ̀ ń yọ ra Gen5.