Ta Ló Ní Kí Ikọ̀ NBA Máa Mọ̀ọ́mọ̀ Fìdí Rẹmi?

Àbúrò mi kan tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáà máa fìdí rẹmi. Bí wọ́n bá ti mú ẹni àkọ́kọ́ nínú draft, níbi tí àwọn ikọ̀ ti ń yan ọmọ tuntun ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó parí, ife ti dé." Utah Jazz, ọ̀kan nínú àwọn ikọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n NBA ní Amẹ́ríkà, ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ṣebí Utah pàdánù eré 65 nínú 82 ní sáà 2024/25? Kò sí ikọ̀ tó burú tó wọn. Nígbà tí wọ́n ta tẹ́tẹ́ draft, èyí tó ń pinnu ikọ̀ tó máa kọ́kọ́ yan, ipò karùn-ún ni wọ́n bọ́ sí. Dallas, tí àǹfààní tiwọn kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ló gbé Cooper Flagg, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft ọdún náà, lọ. Detroit náà jẹ irú ìyà yìí ní 2023, wọ́n tún jẹ ẹ́ ní 2024. Láti 2019, ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní ẹni tó burú jù.

Ká tiẹ̀ ní ó bọ́ sí i, Philadelphia ni kí ẹ wò. Sam Hinkie di ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ níbẹ̀ ní 2013, ó kó àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá dànù, ó wá ń tọ́jú ẹ̀tọ́ àtiyan ọmọ tuntun bí ẹni ń dá èsúsú. Sáà àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù eré 26 léra-léra. Sáà kejì, eré 18 péré ni wọ́n borí. Sáà kẹta, 10. Wọ́n mú Embiid, wọ́n mú Okafor, wọ́n mú Ben Simmons ní ipò kìn-ín-ní. Ní 2017, wọ́n fi ipò kẹta àti ẹ̀tọ́ draft mìíràn lé Boston lọ́wọ́ kí wọ́n lè mú Markelle Fultz ní ipò àkọ́kọ́. Boston rọra fi ipò kẹta yẹn mú Jayson Tatum, wọ́n sì gba ife ní 2024. Jrue Holiday tí Hinkie ta ńkọ́? Òun náà wà nínú ikọ̀ Boston tó gba ife 2024 yẹn, ó sì ti gba tiẹ̀ ní Milwaukee ní 2021. Ní ti Philadelphia, láti ìgbà tí Hinkie ti dé títí di 2025, wọn kò kọjá ìpele kejì nínú playoffs, ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń du ife.

Mo máa ń ṣàìsùn wo wọn nígbà yẹn, aago kan òru. Bí wọ́n bá ti fi àmì 15 jù wọ́n lọ, èjìká á ti wálẹ̀, wọn ò ní sáré padà wá dáàbò bo agbọ̀n mọ́. Ìyẹn kì í tán lára ọmọdé bọ̀rọ̀.

Ṣé ipò àkọ́kọ́ nìkan ni ìràwọ̀ ti ń wá ni? Jokic tó gbé ife fún Denver, ipò 41 ni wọ́n ti mú un. Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀ wa, ipò 15. Curry, ipò keje.

Wọ́n á ní Oklahoma tó gba ife ní 2025 ńkọ́? Paul George, agbábọ́ọ̀lù wọn, ni wọ́n fi gba ìràwọ̀ wọn, Shai Gilgeous-Alexander, lọ́wọ́ ikọ̀ Clippers ní 2019, lẹ́yìn sáà tí wọ́n borí nínú eré 49! Ẹ̀tọ́ draft tó tẹ̀lé e wá ló di Jalen Williams, ipò 12. Wọ́n á tún fi Hakeem Ọlájùwọ́n halẹ̀ mọ́ni. Houston mú un ní 1984, ife dé ní 1994. Kí ẹ máa dúró.

Ó dáa, mo gbà, San Antonio mú Tim Duncan ní 1997, ife dé ní 1999. Ṣùgbọ́n David Robinson, ìràwọ̀ wọn tó ti wà nílẹ̀, tó jẹ́ pé ìfarapa rẹ̀ ló fa ìfìdírẹmi wọn ní sáà tó ṣáájú, ẹ kì í dárúkọ rẹ̀.